Ìkookò ti wọ agbo àgùntàn wa: ṣé kí n fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n máa dẹ wọ́n?

Àdùkẹ́Olóko

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Àríwá ìpínlẹ̀ Wisconsin ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, àgùntàn la sì ń sìn. Igbó ìjọba ló bá pápá tí àwọn ẹran wa ti ń jẹ̀ pààlà. Lọ́sẹ̀ yìí la bá abo àgùntàn méjì nílẹ̀, wọ́n ti kú, ọ̀kan létí odò, èkejì lẹ́bàá ọgbà. Ó dùn mí wọra, torí pé ọ̀kan nínú wọn lóyún.

Àwọn olóko àdúgbò ti ń gbé ìwé kan kiri. Wọ́n ń bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n yọ ìkookò kúrò lára àwọn ẹranko tí òfin ń dáàbò bò, kí àwọn ọdẹ lè máa pa wọ́n kí iye wọn lè dín kù. Gbogbo ilé tó yí wa ká ló ti fọwọ́ sí i, àwa la kù. Mi ò kórìíra ọdẹ o. Àmọ́ mi ò fẹ́ fọwọ́ sí ohun tí kò ní yanjú ọ̀rọ̀ àgùntàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nírìírí, ẹ bá mi dá sí i: tí wọ́n bá ń dẹ ìkookò lọ́dọọdún, ṣé ẹran olóko máa ń sinmi? Kí sì ni mo lè ṣe báyìí kí òmíràn tó lọ?

AtọpaẸsẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ ná. Ṣé òkú àwọn àgùntàn náà ṣì wà níbẹ̀? Tí wọ́n bá wà, ẹ fi tapólì bò wọ́n, kí ẹ gbé òkúta lé etí ẹ̀ kí ẹyẹ àti ajá má bàa débẹ̀. Ẹ má rìn káàkiri lórí ilẹ̀ tó yí wọn ká. Tí ẹ bá rí ojú ẹsẹ̀, ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò. Kí ẹ wá pe Wildlife Services, àwọn ni wọ́n máa ń wá yẹ òkú ẹran wò ní ìpínlẹ̀ yín.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ wọn bá dé, ẹ dúró tì í kí ẹ wo ohun tó ń ṣe. Á bó awọ ẹran náà láti ọrùn títí dé itan. Níbi tí eyín ti wọlé nígbà tí ẹran náà ṣì wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ á ti dì sábẹ́ awọ, ẹran ibẹ̀ á pọ́n dúdú, á sì rọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹran náà ti kú fúnra ẹ̀ kí ẹranko igbó tó débẹ̀, ihò eyín á wà lára awọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì ò ní sí lábẹ́ ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bù ú jẹ náà ń sọ̀rọ̀: ìkookò sábà máa ń kọ lu itan, ìdí àti ìhà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fun ni coyote, ẹranko igbó tó jọ ìkookò ṣùgbọ́n tó kéré sí i, sábà máa ń wá. Ojú ẹsẹ̀ àgbà ìkookò máa ń gùn ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ti coyote kì í sábà ju 7 lọ.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ohun tí òṣìṣẹ́ yẹn bá kọ sílẹ̀ ni ìpínlẹ̀ máa fi san owó gbà-máà-bínú fún yín. Àti pé tó bá jẹ́ coyote tàbí ajá aládùúgbò ló pa wọ́n, gbogbo ìkookò Wisconsin lè kú tán, àgùntàn yín á ṣì máa lọ.

ỌmọỌdẹ_Idaho

Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí wa. Mo fẹ́ sọ tàwa ọdẹ kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, torí mo mọ̀ pé níbi báyìí wọ́n máa ń pè wá ní òǹrorò apẹranko kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu wa.

Ní 1995 àti 1996, ìjọba kó ìkookò 31 láti Kánádà wá sí Yellowstone, ọgbà ẹranko igbó ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì kó 35 sí àárín Idaho níbí. Ohun tí wọ́n sọ nígbà náà ni pé tí ìkookò bá ti pé 300, tí ìdílé tó ń bímọ láàárín wọn sì pé 30 ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Idaho, Montana àti Wyoming, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta léraléra, àkóso wọn á padà sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Wọ́n pé iye yẹn ní 2002. Ó di 2009 ká tó dẹ wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 2010 ilé-ẹjọ́ dá a dúró, ó di 2011 kí Kọ́ńgírésì tó ṣòfin tó yọ wọ́n kúrò lábẹ́ ààbò níbí àti ní Montana. Ẹ wo bó ṣe máa rí lára ẹni tó ń sin màlúù ní gbogbo ọdún yẹn. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún, tí wọ́n wá ń fi dọ́la dọ́túnla dá lóhùn, ẹranko náà ló máa gbé ìbínú ẹ̀ lé.

A ti ń dẹ wọ́n láti ọdún yẹn, wọn ò sì parun. Wọ́n ṣì ju 1,000 lọ ní Idaho. Abo kan ń bí mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n máa ń dí àlàfo tó bá ṣí sílẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ará oko bá ti mọ̀ pé òun náà lọ́wọ́ nínú àkóso, ibẹ̀ ni ìkookò ti máa pẹ́ jù. Ẹ fọwọ́ sí ìwé yẹn.

ÌyáẸléwúrẹ́

Minnesota lèmi wà, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni mo ní. Ìkookò tó wà lọ́dọ̀ wa ju tiyín lọ dáadáa, wọ́n lé ní 2,500, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wà níbí. A dẹ wọ́n láti 2012 sí 2014, látìgbà náà kò sí sáà ọdẹ mọ́, síbẹ̀ mo ṣì ń sin ẹran.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dáàbò bo ìkookò lọ́dọ̀ wa fúyẹ́ ju tiyín lọ. Tí wọ́n bá ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìkookò ló pa ẹran níbí, òṣìṣẹ́ ìjọba lè dẹ tàkúté sí àyíká oko yẹn gan-an kó sì mú àwọn tó ṣe é kúrò. Ní Wisconsin wọn ò lè ṣe ìyẹn. Olóko pàápàá ò gbọ́dọ̀ yìnbọn fún ìkookò tó dúró lórí àgùntàn ẹ̀, àfi tí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ewu. Ohun tó ń bí àwọn aládùúgbò yín nínú nìyẹn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ohun tí ẹ máa ṣe lálẹ́ òní: ẹ kó àgùntàn wọ ọgbà tó sún mọ́ ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkú ẹran èyíkéyìí tó bá wà lóko, títí kan ibi ọmọ tí àgùntàn jù sílẹ̀ nígbà tó bí, ẹ gbé e kúrò tí òṣìṣẹ́ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Òórùn ẹ̀ ló ń kọ́ ìkookò lọ́nà oko. Kí ẹ tún lọ wá okùn tí wọ́n so àsíá pupa mọ́ lára, kí ẹ ta á yí ọgbà ká kí àsíá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìkookò máa ń bẹ̀rù láti kọjá lábẹ́ ohun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́: nǹkan bí 60 ọjọ́, ó ti mọ̀ ọ́n lára. Torí náà, ìgbà tí ẹran bá ń bímọ ni kí ẹ tọ́jú ẹ̀ dè, kí ẹ sì ká a lẹ́yìn náà. Tí agbára bá ká a, ẹ lo èyí tí iná ń gba inú okùn ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Igbó

Bọ̀dá Ọdẹ, mo gbọ́ yín, mi ò sì ní bá yín jiyàn lórí ìlérí tí wọn ò tètè mú ṣẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí àǹtí béèrè ni bóyá ìdẹ ọlọ́dọọdún ń gba àgùntàn là.

Ẹbí ni ọ̀wọ́ ìkookò: bàbá, ìyá, àti àwọn ọmọ tí wọn ò tíì kúrò nílé. Bàbá àti ìyá yìí ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú àgbọ̀nrín, àwọn ló sì ń lé àjèjì kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Tí ìbọn bá mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ọ̀wọ́ náà lè tú ká. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn ò tíì mọ́ ìdẹ á wá ohun tó rọrùn, àgùntàn sì rọrùn ju àgbọ̀nrín lọ. Tàbí kí ọ̀wọ́ mìíràn gba ilẹ̀ náà, àwọn tí wọn ò tíì mọ̀ pé iná wà nínú wáyà yín.

Ní 2014, Wielgus àti Peebles ti Washington State University yẹ àkọsílẹ̀ ọdún 25 wò láti Idaho, Montana àti Wyoming. Wọ́n rí i pé bí ìkookò tí wọ́n pa lọ́dún kan bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ọ̀sìn tó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e ṣe ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí iye tí wọ́n pa bá kọjá ìdámẹ́rin gbogbo wọn nìkan ni ó ń wálẹ̀. Ní 2016 àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n ní òdìkejì làwọn rí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìwádìí ti parí ọ̀rọ̀ yìí, ì báà jẹ́ ọdẹ ì báà jẹ́ olólùfẹ́ ẹranko, ó ti sọ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ.

Èyí tí kò ní iyàn nínú ni pé ọdẹ tó wọ igbó ìjọba kò mọ ìkookò wo ló pa àgùntàn yín. Èyí tí kò tíì fojú kan àgùntàn rí láyé ẹ̀ lè jẹ́ òun ló máa bọ́ sójú ìbọn.

Ẹ tún wo Blaine County ní Idaho. Láti 2008 ni àwọn darandaran ibẹ̀ ti ń lo ajá, àsíá, iná àti àwọn èèyàn tó ń sùn ti ẹran lóru. Nígbà tí wọ́n fi ọdún méje wé ibi tí wọn kì í ti í lo irú ààbò bẹ́ẹ̀, àgùntàn tí wọ́n pàdánù níbi tí kò sí ààbò fi ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ ju tiwọn lọ.

ỌmọỌdẹ_Idaho

Mo mọ iṣẹ́ Blaine yẹn, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n agbo ńláńlá ni wọ́n ní níbẹ̀, wọ́n sì ní èèyàn tí wọ́n ń sanwó fún láti sùn ti ẹran. Olóko tó jẹ́ òun àti ìyàwó ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ta ló máa bá wọn sùn sínú pápá? Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ẹranko igbó. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Bí àwọn ọdẹ náà ṣe ń sọ pé ìkookò ló pa gbogbo elk (irú àgbọ̀nrín ńlá kan) Yellowstone, èmi kì í sọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni pé elk ìhà àríwá ọgbà yẹn tó nǹkan bí 19,000 ní 1994, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 4,000 ní 2013. Àmọ́ béárì wà níbẹ̀, ẹkùn òkè wà níbẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ wà níbẹ̀, àwa ọdẹ náà sì pa tiwa lẹ́yìn ààlà ọgbà.

Adéògún_W

Àǹtí Àdùkẹ́, Wisconsin lèmi náà ń gbé, iṣẹ́ òfin ni mo sì ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó mú bírò.

Láti 2012 ni òfin kan ti wà ní ìpínlẹ̀ wa. Nígbàkígbà tí ìkookò bá ti kúrò lábẹ́ ààbò ìjọba àpapọ̀, dandan ni kí ìpínlẹ̀ ṣí sáà ọdẹ. Òfin náà ò fi í sọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ẹranko láti pinnu bóyá ọdún yẹn dára fún un. Ó ní kí wọ́n ṣí i ni.

A ti rí ohun tó máa ń bí. Oṣù kìíní 2021 ni ààbò kúrò. Ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ẹranko igbó fẹ́ dúró di oṣù kọkànlá kí wọ́n lè ṣètò, àwọn ọdẹ kan gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, adájọ́ sì ní kí wọ́n ṣí i kí oṣù kejì tó parí. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí jẹ́ 200. Nínú ẹ̀, 81 jẹ́ ti àwọn ọmọ Ojibwe, ẹ̀yà kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ yìí, nítorí àdéhùn àtijọ́ tó fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó wà nínú igbó yẹn, 119 sì jẹ́ ti àwọn ọdẹ tó kù. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ọdẹ fi pa 218. Yìnyín tuntun bo ilẹ̀, ojú ẹsẹ̀ hàn kedere, òfin sì gbà kí wọ́n máa fi ajá lé wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ kéde ní wákàtí 24 ṣáájú kí wọ́n tó lè ti sáà náà, nígbà tí àkókò ìkéde fi pé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bẹ́ẹ̀ oṣù kejì gan-an ni ìkookò ń gùn, nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún wọn, oṣù kẹrin ni wọ́n ń bí. Ní oṣù kejì 2022, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní California dá ààbò padà, ibẹ̀ la sì wà títí di òní.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ohun méjì ni wọ́n dì pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé wá yẹn. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n mú ìkookò tó ń pa ẹran kúrò ní oko tó ti pa á. Èkejì ni sáà ọdẹ fún gbogbo ìkookò ìpínlẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ nílò. Èkejì á tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi yín, nítorí òfin 2012.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ má fọwọ́ sí tiwọn, ẹ kọ tiyín. Ẹ kọ ọ́ sí aṣojú yín ní Kọ́ńgírésì pé kí wọ́n mú ìkookò Wisconsin wá sí ìpele tí ti Minnesota wà, kí òṣìṣẹ́ lè mú ọ̀daràn nínú wọn. Kí ẹ kọ òmíràn sí aṣòfin ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ dandan kúrò nínú òfin 2012, kí sáà ọdẹ lè wà tàbí kó má wà gẹ́gẹ́ bí iye ìkookò bá ṣe rí. Ọdẹ pàápàá lè fọwọ́ sí ìyẹn.

ỌmọỌdẹ_Idaho

Èmi máa fọwọ́ sí i. Kò sí ọdẹ gidi tó ń fẹ́ pa abo olóyún, fífi ajá lé ìkookò kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí sáà wà, ṣùgbọ́n kó wà ní àkókò tó tọ́.

ỌmọAdágún

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ Ojibwe tí Adéògún dárúkọ. Ìtòsí wọn lèmi ń gbé, lẹ́bàá adágún Superior. Arákùnrin ni wọ́n ka ìkookò sí, ma'iingan ni wọ́n ń pè é, ohun tó bá sì dé bá a ni wọ́n gbà pé ó máa dé bá àwọn náà. Wọn ò dẹ ìkankan nínú 81 yẹn, wọ́n fẹ́ kó wà láàyè ni, àwọn ẹlòmíràn ló pa á kọjá ààlà. Tí ilẹ̀ yín bá wà nítòsí tiwọn, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹranko igbó wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀ mọ ibi tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà ju ọ̀pọ̀ wa lọ, wọ́n sì máa ń dá èèyàn lóhùn.

BàbáTáyé_Leipzig

Àríyànjiyàn kan náà ló wà níbí ní Jámánì. Ọdún 2000 ni ìkookò tún bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ lórí ilẹ̀ yìí, ní Saxony, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa wọ́n tán láti ọjọ́ pípẹ́. Ní báyìí ìkookò tó wà ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti lé ní 20,000. Ní oṣù kejìlá 2024 àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Bern, èyí tó ń dáàbò bo ẹranko igbó ní Yúróòpù, dìbò pé kí ààbò wọn fúyẹ́ sí i, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Yúróòpù sì tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún 2025. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn olóko máa rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, kí wọ́n wá tú ọgbà wọn ká.

Nípa wáyà: tí ẹ bá máa ṣe ọgbà oníná, gíga 90 sẹ̀ǹtímítà ló kéré jù níbí, 120 ni wọ́n ń gbà wá nímọ̀ràn. Ẹ tọ́jú ìsàlẹ̀ ju òkè lọ. Ìkookò máa ń fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ gba abẹ́ kọjá kó tó ronú àtifò. Wáyà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ò gbọ́dọ̀ ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ sílẹ̀, koríko ò sì gbọ́dọ̀ kàn án, tó bá kàn án iná á dín kù.

Àdùkẹ́Olóko

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará mi. Òṣìṣẹ́ wá lánàá, mo dúró tì í gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Èyí tó wà létí odò, ìkookò ni: itan ẹ̀ méjèèjì kún fún ẹ̀jẹ̀ dídì lábẹ́ awọ, ojú ẹsẹ̀ ńlá sì wà nínú ẹrẹ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá ọgbà, coyote ni. Ó fi ọ̀fun ẹ̀ hàn mí. Ọkọ mi ò gbà á gbọ́ títí ó fi wọn ìwọ̀n ojú eyín náà níwájú ẹ̀.

Mi ò fọwọ́ sí ìwé yẹn. Mo ti kọ lẹ́tà méjì bí Adéògún ṣe là á sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgùntàn mi kú, kí wọ́n má bàa rò pé ará ìlú ńlá ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Aládùúgbò wa kan ti ní òun fẹ́ kà á kí òun lè kọ irú ẹ̀. À ń kó ẹran wọlé lálaalẹ́ báyìí. Ìbéèrè kan ló kù: ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ ajá. Ṣé ká ra èyí tó ti dàgbà, àbí ọmọ ajá?

ÌyáẸléwúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí àgbà tó ti gbé pẹ̀lú àgùntàn rí, ẹ rà á, kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́gán, kí ẹ wá fi ọmọ ajá kan tì í kó kọ́ ọ. Great Pyrenees tàbí Anatolian ló dára, èmi ní méjèèjì. Ẹ má ra ẹyọ kan. Ajá kan ṣoṣo níwájú ọ̀wọ́ ìkookò, wọ́n á pa á. Àárín àgùntàn ni kí ọmọ ajá náà máa sùn láti kékeré, kì í ṣe inú ilé, kí àwọn ọmọdé má sì sọ ọ́ di ẹni àfọwọ́pa lára lójoojúmọ́. Láti oṣù kẹrin títí wọ ìgbà ooru, nígbà tí ìkookò bá ní ọmọ nínú ihò, ẹ má jẹ́ kí àwọn ajá yín rìn wọ igbó ìjọba yẹn.

Tí ẹ bá ti mọ ìgbà tí àgùntàn yín máa bí, ẹ kọ ọ́ síbí, màá sọ ìgbà tí ẹ máa ta okùn àsíá.